Ìdí tí mi ò fi ń ta ọmọ eku tí kò tí ì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá ra eku funfun lọ́wọ́ mi nílùú Ifẹ̀ mọ ohun tí màá sọ kí wọ́n tó lanu, síbẹ̀ wọ́n á béèrè. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, àwọn tó wà lọ́dọ̀ ìyá wọn yẹn ńkọ́? Wọ́n mà ti ń jẹ fíìdì." Òótọ́ ni, wọ́n ti ń jẹ fíìdì. Ọmọ oṣù méje náà ń mu ògì, kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n torí ìyẹn gbé e kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Bí mo bá sọ báyìí, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní "ẹ ṣé mà", àmọ́ ojú wọn ò ní kúrò lára àgò. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ wọn ti ń lé wọn, owó ti fẹ́ tán lọ́wọ́, ọmọ eku sì dínwó ju àgbà lọ. Wọ́n á ní àwọn á tọ́ ọ dàgbà fúnra àwọn.

Mi ò bá wọn jà. Mo kàn ń kọ ọ́ síbí ni, pé bí ẹlòmíì bá tún béèrè, màá fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, màá sì máa bá iṣẹ́ mi lọ.

Inú lábù ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, ìtọ́jú ẹranko ni wọ́n fi mí sí. Ní báyìí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìlódè ni àwọn àgò mi wà, lábẹ́ páànù tí mo fi imọ̀ ọ̀pẹ bò nítorí oòrùn. Àwọn tó pọ̀ jù nínú oníbàárà mi ń dán ewé àti èèpo igi wò: dóńgóyárò, orúwo, ahùn, awọ́pa, ewúro. Wọ́n á fi kòkòrò ibà sí eku lára, wọ́n á fún un lágbo, wọ́n á wá máa ka iye kòkòrò tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àwọn mìíràn ń ṣe ti aràn inú. Iṣẹ́ méjèèjì yìí gan-an ni ọjọ́ tí eku kúrò lẹ́nu ọmú lè bà jẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. Ẹ wo ìwé tí wọ́n ń kọ lẹ́yìn iṣẹ́. Wọ́n á kọ ìwọ̀n eku, wọ́n á kọ akọ tàbí abo, wọ́n á kọ irú fíìdì tó jẹ. Ọjọ́ tí wọ́n já a lẹ́nu ọmú kì í sí níbẹ̀.

Eku kékeré yìí ń lóyún fún ọjọ́ 19 sí 21. Ọmọ tó bí kò ju gíráàmù kan sí kan àtààbọ̀ lọ, ó pupa, kò nírun, kò ríran. Ojú á là ní nǹkan bí ọjọ́ 12 sí 14. Tó bá di ọjọ́ 16 tàbí 17, á ti máa họ fíìdì jẹ. Ọjọ́ 21 ni ọ̀pọ̀ lábù káàkiri ayé ń já a. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀run ni wọ́n ti fi ọjọ́ 21 ránṣẹ́. Ohun tó fà á ni pé eku abo lè gba akọ láàárín wákàtí 24 tó bímọ tán. Bí akọ bá ṣì wà nínú àgò, oyún mìíràn ti wọlé nìyẹn, àwọn àbúrò á sì dé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àyè ò ní gba gbogbo wọn, ni a ṣe ń kó àwọn ẹ̀gbọ́n jáde. Ìrọ̀rùn ẹni tó ni àgò ni ọjọ́ 21. Kò túmọ̀ sí pé ara ọmọ ti gbó.

Kí wá ni wàrà ń ṣe?

Èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni àntíbọ́dì, ìyẹn àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ti bá àrùn kan pàdé rí, tó sì ń dá a mọ̀ bó bá tún yọjú. Ọmọ èèyàn ti máa ń gba irú tí wọ́n ń pè ní IgG láti inú ibi ọmọ kí wọ́n tó bí i. Lẹ́yìn náà, omi ọyàn á máa fún un ní IgA, tó ń dúró sínú ìfun láti ṣọ́ ibẹ̀. Ti ewúrẹ́ àti màlúù yàtọ̀. Wọn kì í gba àntíbọ́dì nínú oyún, bí ọmọ wọn ò bá sì mu wàrà àkọ́kọ́ láàárín ọjọ́ kan, ẹ wá àyè tí ẹ máa sin ín sí. Eku wà láàárín àwọn méjèèjì. Ó ń gba díẹ̀ nínú oyún, àmọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bí i, ìfun rẹ̀ ṣì ń fa IgG inú wàrà wọ inú ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́. Ohun kan wà lára ìfun ọmọ eku tí wọ́n ń pè ní FcRn. Òun ló ń di IgG mú tó sì ń gbé e kọjá sódì kejì. Bí ọ̀sẹ̀ kẹta bá ti ń sún mọ́, FcRn yìí á lọ sílẹ̀, ìfun á sì pa dé. Ẹni tó bá já ọmọ eku ní ọjọ́ 15 gé e kúrò nígbà tí ọ̀nà náà ṣì ṣí sílẹ̀. Kò sí fíìdì tó lè dí àlàfo yẹn, ì báà jẹ́ èyí tó wọ́n jù lọ́jà.

Ohun tí ìyá bá ti bá jà rí ló ń fún ọmọ. Aràn kan wà tó jẹ́ ti eku gan-an, Heligmosomoides polygyrus lorúkọ rẹ̀. Inú ìfun kékeré ló ń gbé, ibi tó dọ̀tí ni eku sì ti ń kó ọmọ aràn náà jẹ. Wọ́n ti rí i nínú ìwádìí pé bí ìyá bá ti ní aràn yìí, tí àntíbọ́dì rẹ̀ ti wà lára rẹ̀, àwọn ọmọ tó mu ọmú rẹ̀ kì í kó o tó ti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ní 2019, iṣẹ́ kan jáde tí àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Cape Town wà nídìí rẹ̀, òun ló mú mi lọ́kàn jù. Wọ́n fi aràn mìíràn, Nippostrongylus brasiliensis, sí eku abo lára. Wọ́n jẹ́ kí aràn náà kúrò, kí wọ́n tó wá fi akọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ tí eku yìí fún lọ́mú ní agbára lórí aràn náà títí wọ́n fi dàgbà. Wọ́n tún pààrọ̀ ọmọ láàárín àwọn ìyá: ọmọ tí ìyá rẹ̀ ò ní aràn rí, tí wọ́n gbé sábẹ́ èyí tó ti ní in, òun náà rí ààbò gbà. Sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn ọmọ ogun ara ìyá fúnra rẹ̀, ń bá wàrà wọ ara ọmọ. Ìjà tí ìyá jà kí oyún tó dé rárá ni ọmọ ń jogún lẹ́nu ọmú!

Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Mo ti sin òkété o, mi ò rí èyí tó ṣe bẹ́ẹ̀. Bí òótọ́ bá tiẹ̀ ni, kò ní fi bẹ́ẹ̀ ṣe é láǹfààní, ìfun àgbàlagbà ò gba IgG mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá bá àwọn oní-ibà sọ̀rọ̀, torí ọ̀rọ̀ yín tún ní ẹ̀ka tirẹ̀ tí kò kan àntíbọ́dì rárá.

Kòkòrò ibà tí ẹ ń lò, Plasmodium berghei, ọdún 1948 ni àwọn onímọ̀ méjì, Vincke àti Lips, rí i lára eku igbó ní Katanga, nílẹ̀ Kóńgò. Láti ìgbà náà ló ti ń lọ láti lábù kan dé òmíràn. Ní 1952, Brian Maegraith àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Liverpool ṣàkíyèsí pé eku tí wọ́n bá ń fi wàrà nìkan bọ́, kòkòrò ibà yìí kì í ráyè pọ̀ sí i lára rẹ̀. Eku àgbà ni o, kì í ṣe ọmọ ọmú. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Frank Hawking tọ́ka sí ohun tó fà á: èròjà kan tí wọ́n ń pè ní pABA ṣọ̀wọ́n gan-an nínú wàrà, bẹ́ẹ̀ òun ni kòkòrò ibà fi ń ṣe folate tirẹ̀, irú fítámì kan. Láìsí folate kò lè bí sí i. Nígbà tí wọ́n bu pABA sí wàrà eku, ibà padà.

Ẹ rántí Fansidar, oògùn ibà yẹn, tàbí èyí tí wọ́n ń fún aboyún mu lójú àwọn nọ́ọ̀sì ní ọsibítù. Sulfadoxine tó wà nínú rẹ̀, ìdí ọ̀rọ̀ pABA yìí kan náà ló ń ṣiṣẹ́ sí. Ó ń gba ipò pABA mọ́ kòkòrò náà lọ́wọ́.

Ẹ wá fi ojú inú wo ọmọ eku méjì tó jẹ́ ọmọ ọjọ́ kan náà. Wọ́n já ọ̀kan ní ọjọ́ 16, ó bọ́ sórí fíìdì àgbàdo àti ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ kúrò lójijì. Ìkejì ṣì ń mu ọmú mọ́ ọn. Ohun tí kòkòrò ibà máa rí jẹ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ò dọ́gba, àntíbọ́dì wọn ò dọ́gba, ìwọ̀n wọn náà ò ní pẹ́ yàtọ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kó irú àwọn méjèèjì pọ̀, tí èyí tó gba orúwo bọ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó mu ọmú pẹ́, orúwo á gba ìyìn tí kò tọ́ sí i. Bó bá sì bọ́ sódìkejì, wọ́n á ní ewé tí àwọn ìyá wa ń lò láti ayébáyé kò ṣiṣẹ́. Ọjọ́ orí fúnra rẹ̀ tún wà níbẹ̀: eku ńlá, ìyẹn rat, tó bá ṣì kéré, berghei lè pa á, tó bá dàgbà, ara rẹ̀ á borí rẹ̀.

Ti aràn ló le jù ní tèmi, torí pé ojú mi ló ń ṣe. Aràn funfun tín-ín-rín kan wà tó ń jẹ́ Syphacia tó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sí ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń sin eku. Ìdí eku ló ń yé ẹyin sí. Ẹ fi sẹ́lótéèpù tẹ ìdí rẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, ẹ wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ẹ ó rí ẹyin tó tẹ́ lápá kan tó sì tẹ̀ kọrọdọ lápá kejì. Ìbátan rẹ̀ kan wà, Aspiculuris, tí kì í yé sídìí; inú ìgbẹ́ ni ẹ ti máa wá ti ìyẹn. Nítorí náà ẹni tó lo sẹ́lótéèpù nìkan tó sì ní eku òun mọ́, kó lọ tún un wò. Àwọn tó máa ń ní Syphacia jù ni àwọn tó wà ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún sí ìkẹfà, ìyẹn kété lẹ́yìn ọmú.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ìgbà yẹn? Títí di ọjọ́ 15 tàbí 16, ẹnu ọmọ eku kì í kúrò lọ́mú. Wàrà ò ní ẹyin aràn nínú. Ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í họ lẹ́búlẹ́bú pákó, tó ń lá ara àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ni aràn rí ọ̀nà. Agbára tí ara fi ń lé aràn jáde, tó ń mú kí ìfun máa da ikun púpọ̀, kó máa tú omi, kó máa fún aràn sẹ́yìn, kò tí ì múlẹ̀ lára ọmọdé. Lọ́jọ́ kan náà yẹn ni ẹ tún gbé e kúrò lọ́dọ̀ ìyá, tí ẹ pààrọ̀ oúnjẹ rẹ̀, tí ẹ da á pọ̀ mọ́ ọmọ àgò mìíràn, tí wàrà sì dá. Ìpayà yẹn ń mú kí èròjà tí wọ́n ń pè ní corticosterone ga nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bó bá sì pẹ́ ní gíga, thymus á sún kì, ẹran kékeré inú àyà níbi tí àwọn ọmọ ogun ara ti ń kọ́ṣẹ́. Takefumi Kikusui àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jàpáàn ti fi hàn pé eku tí wọ́n já ní ọ̀sẹ̀ méjì máa ń bẹ̀rù ju àwọn tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, àní lẹ́yìn tó dàgbà. Ẹ fi oúnjẹ tí kò ní amúaradàgbà tó kún un, bíi fíìdì ọjà tí wọ́n ti fi ìyàngbò lù, aràn á wá jókòó pẹ́ nínú ìfun. Wọ́n ti dán ìyẹn náà wò lára eku lọ́pọ̀ ìgbà: àìtó amúaradàgbà ń dá lílé aràn dúró.

Mi ò sọ pé ìkankan nínú wọn ló ń pa eku. Ohun tí mò ń sọ ni pé a ń kó gbogbo rẹ̀ lé e lórí lọ́jọ́ kan.

Iṣẹ́ mìíràn tún jáde ní 2019, láti ilé ìwádìí Institut Pasteur ní Paris. Wọ́n rí i pé nígbà tí eku bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, tí àwọn kòkòrò inú ìfun rẹ̀ ń pọ̀ sí i, àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ máa ń gbéra sọ lẹ́ẹ̀kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹrin nìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá fi oògùn apakòkòrò dí i lọ́wọ́ lásìkò náà, tí eku náà bá dàgbà tán, ìfun wíwú àti àwọn àìsàn tí ara ń fà fún ara rẹ̀ á máa yọ ọ́ lẹ́nu ju ti àwọn yòókù lọ. Àsìkò náà kì í sì í padà. Ìdí nìyí tí mo fi ń bínú sí àwọn tó ń da tetracycline sí omi àwọn ọmọ eku "kí wọ́n má baà ṣàìsàn" ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n já wọn. Ẹ mú ọwọ́ kúrò níbẹ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe tèmi nìyí. Mo máa ń kó akọ kúrò kí abo tó bímọ, kó má baà lóyún lórí ọmú. Ọmú mẹ́wàá ló ní. Bó bá bí ju ìyẹn lọ, mo máa ń gbé díẹ̀ fún èyí tó bí kéré lọ́jọ́ kan náà tàbí tó fi ọjọ́ kan jù ú. Láti ọjọ́ 16, mo ń fi omi rin fíìdì, mo sì ń gbé e sílẹ̀ nínú àgò níbi tí ọwọ́ wọn lè tó. Ìgò omi náà gbọ́dọ̀ wá sísàlẹ̀. Àìmọye ọmọ eku ni òùngbẹ ti pa nítorí pé ẹnu ìgò ga jù, tí ẹni tó ni ín ń wá àrùn kiri. Tó bá di ọjọ́ 28, ìyá ni mo ń gbé jáde, àwọn ọmọ á dúró sínú àgò tí wọ́n ti mọ òórùn rẹ̀. Mi ò da ọmọ ìyá méjì pọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Mi ò pààrọ̀ fíìdì, mi ò fún wọn ní oògùn aràn àyàfi tí mo bá rí ẹyin.

Mo sì ń wọ̀n wọ́n, mo ń tò ó sórí ìwé onílà. Ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ni mo ti kọ́kọ́ mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, nígbà tí mo ń gbé àwọn ọmọ mi lọ sí wíwọ̀n. Dókítà David Morley, òyìnbó tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láàárín 1956 sí 1961, òun àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ló bẹ̀rẹ̀ káàdì tí ìyá fi ń rí i bóyá ìwọ̀n ọmọ ń gòkè tàbí ó dúró. Káàdì yẹn ti kárí ayé báyìí. Ohun tó wúlò níbẹ̀ ni pé kì í ṣe bí ọmọ ṣe tóbi tó ni ẹ ń wò, ẹ ń wo ibi tí ìlà dorí kọ. Ọmọ eku tí ìlà rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ fún ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ọmú, mi ò tà á, bó ti wù kí irun rẹ̀ dán tó.

Ẹnì kan tó ń sin òyà lọ́nà Ifẹ̀wàrà bi mí pé ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni tòun. Rárá o. Òyà ń lóyún fún nǹkan bí oṣù márùn-ún. Ọmọ rẹ̀ ń dé pẹ̀lú irun lára àti ojú tó là, tó ń sáré lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tó ń bu koríko jẹ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ọmú òyà wà, ìyá lè dùbúlẹ̀ lórí ikùn rẹ̀ kí ọmọ ṣì rí i mu. Nítorí pé ọmọ òyà jọ àgbà látìgbà tí wọ́n ti bí i, ó rọrùn láti tan ara ẹni jẹ kí a sì já a ní kíákíá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni àwọn tó mọ̀ ọ́n sìn ń dúró dè. Kó dúró de mẹ́fà, mo sọ fún un. Koríko tútù tí ìrì wà lára rẹ̀ sì ni kó kọ́kọ́ ṣọ́ra fún. Kó sá a kó rọ díẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ eku fún iṣẹ́ lẹ́yìn ọdún tuntun, kó ka ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án sẹ́yìn kó tó wá bá mi. Mẹ́ta fún oyún, mẹ́rin fún ọmú, ọ̀kan nítorí pé abo kì í gba akọ lọ́jọ́ tí a bá fi í sọ́dọ̀ rẹ̀, ó ń tó ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún kí àsìkò rẹ̀ tó yí po. Ọ̀sẹ̀ tó kù jẹ́ tiyín: ẹ fi eku sílẹ̀ kó sinmi ní lábù yín kí ẹ tó fi abẹ́rẹ́ kàn án. Màá kọ ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ tó kúrò lẹ́nu ọmú sára àgò fún yín, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín. Ẹ mú àgò oníwáyà wá o. Páálí bisikíìtì ò ṣeé gbé wọn. Ní Láàgéré ni wọ́n ti máa ń jẹ ẹ́ lu, awakọ̀ á sì fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ lójú títì, á sá lọ.